Yẹ́lò Káàdì Tó Dá Èrò Bààlú Padà

Ẹni tó gba físà kò tíì wọ̀lú. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu ibodè ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 gúnlẹ̀ láti Èkó sí pápákọ̀ òfurufú O.R. Tambo ní Johannesburg. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí gbogbo wa mọ̀ sí yẹ́lò káàdì, ló dá wọn dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ayédèrú ni. Gbogbo wọn ni wọ́n dá padà sílé.

Inú bí ìjọba wa. Olúgbénga Aṣírù, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ní ìkórìíra àjèjì ló fà á, Nàìjíríà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ará South Africa padà ní Èkó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8, South Africa tọrọ àforíjì. Ó yẹ kí wọ́n tọrọ rẹ̀, torí ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpàdé ní Sátidé, kí ló fẹ́ fi àforíjì Ọjọ́bọ̀ ṣe?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a mọ bí káàdì yìí ṣe ń rìn láàárín wa. Ẹlòmíràn á rà á lọ́wọ́ alágbàtà, abẹ́rẹ́ ò sì kan apá rẹ̀. Ibà yìí ń pani, kò sì ní oògùn tó ń wò ó ní pàtó. Ẹni tó ra káàdì tún ń ba ti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́ jẹ́: aṣọ́bodè tó ti rí ayédèrú mẹ́ta á fura sí ìkẹrin.

Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ kan péré ni. Láti oṣù Keje 2016 ni òfin àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti jẹ́ kí káàdì náà wúlò títí ayé ẹni, dípò ọdún 10 ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, bó tilẹ̀ gba ojúlówó, wọ́n ṣì lè dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibodè tí wọ́n ń pè ní Port Health ní kùtùkùtù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà fún yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ orí káàdì bá ti ìwé ìrìnnà yín mu kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.