KÍ LÓ WÀ LÁÀÁRÍN AGBO?
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àjọ̀dún ọdún yìí, láti ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ẹ́kísódù 32:15-20; 1 Sámúẹ́lì 16:14-23; 1 Tẹsalóníkà 5:21

  

Àṣà wa nínú ìwé ìrántí ni kí á sọ ìtàn ìjọ, kí á ka orúkọ àwọn tó fi owó kọ́lé, kí á sì dúpẹ́. Ìyẹn wà lójú ewé mìíràn. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ló ní kí á fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti fa àríyànjiyàn láàárín wa: orin òru àti ijó òru tí àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún 13, 14, 15, ń sá tẹ̀ lé.

Ẹ ò rí i? Ọmọ tó ń lu ìlù fún wa ní ìsìn òwúrọ̀ Sọ́ńdè, tó bá ti di alẹ́ Sátidé, ó ti gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi àríyá ojú títì tí wọ́n ń pè ní kánífà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ ló ń wọlé, ojú rẹ̀ á pọ́n, yóò sì tòògbé nídìí ìlù. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí ìlù ìjọ títí yóò fi ronú pìwà dà. Àwọn mìíràn dáhùn pé tí a bá lé e, ta ló kù tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ náà le, nítorí ọmọ wa ni, kì í ṣe ọmọ ará ìta.

1. IRÚ ORIN WO NI?

Àgbà tí kò bá mọ ohun tó ń bá wí, ariwo lásán ló ń pa. Orin tó gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní mara. Orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìlù rẹ̀ yára bí àyà ẹni tó ń sáré. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n lè gé gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa tún un pè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Amapiano náà wà, èyí tó ti South Africa wá. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé àwo orin jáde: ọmọ kan ṣe é nínú yàrá rẹ̀ lónìí, lọ́la wọ́n ti ń jó o láti Èkó dé Òkukù.

Ní òkè òkun, ọ̀kan nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ni dubstep. Croydon, ní gúúsù ìlú London, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2003. Ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń gbọ́ ọ láyà kó tó gbọ́ ọ létí. Gbòǹgbò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Jàmáíkà, tí wọ́n ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá sójú títì Kingston. Ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ. Ìlù tó ń pe àwọn ọmọ yìí kì í ṣe àlejò pátápátá nílé wa.

2. JÓṢÚÀ GBỌ́ ARIWO, MÓSÈ GBỌ́ ORIN

Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa, Mósè àti Jóṣúà ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Jóṣúà gbọ́ ohùn láti ibùdó, ó ní ogun ni. Mósè fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní kì í ṣe igbe ẹni tó ṣẹ́gun, kì í sì í ṣe igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, orin ni. Etí méjì, ohùn kan ṣoṣo, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbà tó ń pariwo ogun lórí gbogbo ìlù tó bá dún, etí Jóṣúà ló fi ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á dúró síbẹ̀. Nígbà tí Mósè dé ìtòsí, inú bí i gidigidi. Kí ló bí i nínú? Ṣé ìlù ni? Rárá o. Ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé kan náà, Míríámù ti gbé ìlù, àwọn obìnrin sì jó tẹ̀ lé e létí òkun, Ọlọ́run kò bá wọn wí. Ère màlúù tó wà láàárín agbo ló bí Mósè nínú. Ẹ̀yin ará, ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ká tó bi wọ́n pé, "Irú ìlù wo lẹ̀ ń jó?" ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Kí ló wà láàárín agbo?"

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Nígbà wo ni wọ́n ṣe màlúù náà? Nígbà tí olórí kò sí nílé ni. Mósè pẹ́ lórí òkè, àwọn èèyàn sì ní àwọn kò mọ ohun tó ṣe é. Áárónì tó yẹ kó dí àyè rẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ló ń ṣe fún wọn. Mélòó nínú wa ló wà l'Ékòó, l'Ábújà, tàbí lókè òkun, tí ìyá arúgbó ń bá wa tọ́mọ ní Ìníṣà? A fi owó ránṣẹ́, a fi fóònù tuntun ránṣẹ́, a rò pé a ti tọ́ ọmọ. Owó kì í bá ọmọ wí.

3. WỌ́N TI FI ÌLÙ TIWA NÁÀ ṢE YẸ̀YẸ́ RÍ

Ní ọdún 1925 tí Mósè Orímọládé Túnọláṣe àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù l'Ékòó, àti ní 1930 tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ àtijọ́ ni kò kà wá sí. Wọ́n ní aláriwo ni wá. Àtẹ́wọ́, ìlù, ijó àti ìṣọ́ òru wa kò bá tiwọn mu. Lónìí, ìjọ wo ni kò pàtẹ́wọ́? Ìjọ wo ni kò ṣe ìṣọ́ òru?

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Ojú irin kan náà ló kọjá ní Ìkìrun, tó kọjá ní Òkukù, tó sì dé Ọ̀fà. Ọ̀fà ni wọ́n bí Olóògbé Isaiah Kẹ́hìndé Dáírò sí. Nígbà tó wà lọ́mọ nǹkan bí ọdún méje, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà kan ìlù fún un. Ẹ gbọ́ o: bàbá náà kò fọ́ ìlù mọ́ ọmọ lórí, ó kan án fún un ni. Ọmọ náà dàgbà, ó di ọ̀gá nínú orin jùjú, orin tí ilé ọtí àti òde àríyá ti gbé jáde. Ó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kó tó kú ní 1996, aṣáájú ìjọ Aládùúrà ni. Tí wọ́n bá ti lé e tán ní kékeré ńkọ́?

4. ỌMỌ YORÙBÁ KAN NÍ CROYDON

Ẹnìkejì tí a fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni Adégbéńgà Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé orin mọ̀ sí Benga. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá. Wọ́n bí i ní 1986. Ọmọ nǹkan bí ọdún 15 ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oliver Jones, tí wọ́n ń pè ní Skream, nígbà tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwo orin kan tó ń jẹ́ Big Apple ní Croydon. Kọ̀ǹpútà ilé ni wọ́n fi ń ṣe orin. Ní 2003 wọ́n gbé àwo kan jáde, wọ́n sọ ọ́ ní "The Judgement", èyí ni Ìdájọ́. Nígbà tó di 2010, òun, Skream àti Artwork gbé àwo jáde lábẹ́ orúkọ Magnetic Man, ó sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn? Ẹ̀bùn ni. Ẹni tó bá ní kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀, kó lọ ṣe tirẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ní 2014 ó kéde pé òun ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2015, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún gbogbo ayé pé àìsàn ọpọlọ ló kọlu òun, ó sì ka oògùn líle àti ìrìn àjò iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró mọ́ ohun tó fà á. Ó gba ìtọ́jú, ó sì tún padà sídìí orin. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí rẹ̀, a kò sì sọ ìtàn rẹ̀ láti fi í ṣẹ̀sín. Akin ni ẹni tó bá jẹ́wọ́ irú èyí kí ọmọ ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà. Ẹ̀bùn kò pa á lára. Ohun tó wà láàárín agbo ló fẹ́ pa á.

Àwọn tó ń jó orin yìí ní Brixton, London, ṣe àríyá wọn tí wọ́n ń pè ní DMZ láti 2005. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é? Inú ilé ìjọsìn Mátíù Mímọ́ ni, tí wọ́n ti sọ apá kan rẹ̀ di ilé ijó. Ẹ jẹ́ kí á ronú jinlẹ̀. Ilé tí àwọn ọmọ bá kúrò níbẹ̀, kì í pẹ́ rí ayálégbé mìíràn.

5. ÈWO NI MÀLÚÙ NÁÀ?

Àkọ́kọ́ ni oògùn. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní kodéènì wọlé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ọtí. Ìwádìí tí àjọ UNODC ṣe, tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ìyẹn, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn líle láàárín ọdún kan. Tramadol, igbó àti colorado kò dúró sí Èkó nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ jó láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago márùn-ún ìdájí, agbára ara rẹ̀ kò lè gbé e dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oògùn lọ̀ ọ́.

Èkejì ni etí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ariwo tó bá wà ní 80 dẹ́síbẹ̀lì, èèyàn lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ńlá tí ọmọ dúró tì lójú títì lè kọjá 100. Etí tó bá ti kú kì í jí. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀rọ ilé ìsìn náà o, kí àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ gbọ́. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Ẹ̀kẹta ni títẹ̀ lé èrò láìmọ ibi tí èrò ń lọ. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878. Àwọn baba wa sọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ogun yí padà ní Ìkìrun, àwọn tó ń sá lọ ya lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí omi, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ló ń wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ wo iwájú kí ẹ tó sáré.

6. OHUN TÍ A FẸNU KÒ SÍ

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù wà nínú ìdààmú, kì í ṣe àgbà ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọmọdé olùṣọ́ àgùntàn ni, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ dùùrù, ìlù rẹ̀ sì mú kí ara tu ọba. Pọ́ọ̀lù ní kí á dán ohun gbogbo wò, kí á di èyí tó dára mú. Nítorí náà, lẹ́yìn àdúrà àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ fẹnu kò báyìí:

(a) A kò ní lé ọmọ kankan kúrò nídìí ìlù nítorí irú orin tó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ sùn síbi àríyá òru, ẹni tó bá sì wà nídìí oògùn yóò kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Ìjọ yóò bá a lọ sí ọsibítù, a kò ní fi àdúrà nìkan sílẹ̀ fún un.

(b) Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà, òun ni yóò máa gba orin àwọn akọrin wa sílẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn ní ọ̀sán gangan, lójú àwọn òbí rẹ̀.

(d) Kí bàbá àti ìyá jókòó, kí wọ́n gbọ́ orin tí ọmọ wọn ń gbọ́, kí wọ́n bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó bá a wí. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tó wà lájò, kó máa pe ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, kó sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, a kò bá yín ṣọ̀tá. Ìlù tí ẹ fẹ́ràn, Ọlọ́run ló fún yín ní etí tí ẹ fi gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ère sí àárín agbo yín. Ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé yìí kò tì, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.

Kí Olúwa tó gbọ́ ohùn Ísímáẹ́lì nínú aginjù gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wa láàárín ariwo. Kó má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa sin ẹ̀bùn tó fún wa. Kó mú àwọn tó wà lóde wálé ní àlàáfíà, kó sì jẹ́ kí á péjọ láìdín nínú àjọ̀dún tó ń bọ̀, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o.