Ilẹ̀ Òwú àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Tí A Kò Tíì Bí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ènìyàn, ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti lò ó títí yóò fi ṣá? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, "Ilẹ̀ baba mi ni, bó ti wù mí ni mo lè lò ó." Òwú ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìwà tí a bá hù sí ilẹ̀ àti omi kì í pẹ́ hàn lára rẹ̀.

Òwú kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn ìyá wa ń ran òwú, àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ sì ń fi hun aṣọ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àwọn òyìnbó ń wá òwú wa fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Lancashire. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn ahunṣọ wa ń san dára ju tiwọn lọ, kòkó sì tún gba ọkàn àwọn àgbẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n yíjú sí. Lónìí, èso ni a mọ Fìdítì mọ́ jù. Ìlọrà ní tirẹ̀ ní ibùdó àgbẹ̀ láti ìgbà ètò tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Bí ọ̀dọ́ kan ní Afijio bá tún fẹ́ gbin òwú, kí ni ó yẹ kí ó mọ̀?

Kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní Uzbekistan àti Kazakhstan, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, òkun Aral ti fìgbà kan rí wà lára adágún omi mẹ́rin tí ó tóbi jù láyé. Láti ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti ń darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí oko òwú púpọ̀púpọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2007, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kù. Ọkọ̀ apẹja gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku iyọ̀ àti oògùn lọ bá àwọn ọmọdé. Ní Borgou, ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé tì wá, oògùn òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní àkókò òwú ọdún 1999. Ní ọdún 2011 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti mú un kúrò nílò.

Òwú fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ní ìhà tiwa, nǹkan bí oṣù keje ni ó dára láti gbìn ín, kí ó lè là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òjò a máa ba òwú tí ó ti là jẹ́. Kí a kọ ebè dábùú ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, kí omi lè wọlẹ̀ dípò kí ó gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Kí a má gbin òwú sójú kan lọ́dọọdún. Kí àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà gba ipò rẹ̀, nítorí ẹ̀wà àti ẹ̀pà a máa dá oúnjẹ padà fún ilẹ̀. Kí a fi ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀. Kí a fa igi òwú tu lẹ́yìn ìkórè, kí kòkòrò má bàa rí ibi sá pamọ́ sí. Kí a sì yẹ oko wò dáadáa kí a tó ronú kan oògùn.

A gbọ́ nínú hadíìsì pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kìlọ̀ fún Sa'd, tí ó ń ṣe àlùwàlá, kí ó má fi omi ṣòfò, bí ó tilẹ̀ wà létí odò tí ń ṣàn. Bí a kò bá lè fi omi ìjọsìn ṣòfò, ti oko ń kọ́?

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru àgbẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí a lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kan, kí ni yóò mú un da ajílẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò jẹ èrè rẹ̀? Onílẹ̀ tí ó ń fi ilẹ̀ yáni ní ọdún kọ̀ọ̀kan ti lọ́wọ́ nínú ṣíṣá ilẹ̀ náà. Kí àwọn ẹbí onílẹ̀ fún àgbẹ̀ ní ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti kọ́ wa láti máa kọ àdéhùn gbèsè. Kí àgbẹ̀ náà sì ṣèlérí pé ilẹ̀ kò ní burú ju bí òun ti bá a lọ.

Ìdáhùn wa nìyí: ẹ̀tọ́ wa ni láti jẹ nínú ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ wa láti jẹ ilẹ̀ náà tán. Amánà ni, àwọn tí a kò tíì bí sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá ilẹ̀ tútù. Àmín.