Ta Ló Ni Döner?

Bí ẹ bá ti jẹ ṣàwámà rí, döner ò lè ṣàjèjì sí yín: ẹran tí wọ́n tò sára irin gígùn, tó ń yí lẹ́bàá iná, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nílẹ̀ Tọ́kì, inú àwo ni wọ́n ń bù ú sí láyé àtijọ́. Ní Berlin, inú búrẹ́dì ló wà. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yìí ló dá ìjà sílẹ̀.

Kadir Nurman, tó ti Tọ́kì wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó kọ́kọ́ tà á bẹ́ẹ̀, ní 1972, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Zoo. Ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ò ráyè jókòó jẹun. Àwọn mìíràn ní rárá o, àwọn ló ṣáájú. Ẹnìkan tiẹ̀ dárúkọ ìlú Reutlingen àti 1969. Ní tiwa, a ò rí ohun tí ọdún mẹ́ta fẹ́ dà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ebi ń pa tó tún ń sáré pọ̀ nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kí ọgbọ́n kan náà sọ sí èèyàn mẹ́ta lọ́kàn.

Ìjà tó ká wa lára dé lẹ́yìn náà. Ní 2022, Tọ́kì ní kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de orúkọ döner: bí màlúù ò bá tíì pé oṣù 16, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Jámánì yarí. Cem Özdemir, mínísítà ètò ọ̀gbìn wọn, ní döner ti di ti Jámánì. Ẹ kíyè sí i o: ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Tọ́kì ni Özdemir fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ Frank-Walter Steinmeier gbé ẹran döner 60 kìlógíráàmù lọ sí Istanbul, òun àti ẹni tó ń tà á ní Berlin. Inú bí àwọn kan lára àwọn ọmọ Tọ́kì tó wà ní Jámánì: lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ táwọn ṣe, ṣé ẹran sísun ni wọ́n máa fi rántí àwọn?

Ẹ̀yìn wọn la wà. Ó yá Jámánì lẹ́nu láti sọ pé "tiwa ni oúnjẹ yìí" ju "tiwa ni ẹni tó sè é" lọ. Àdéhùn tó kó àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí wá, 1961 ni wọ́n buwọ́ lù ú. Oṣù kẹfà 2024 ni òfin tó gbà kí àgbàlagbà wọn di ọmọ Jámánì láìkọ́kọ́ kọ ti Tọ́kì sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Döner ní tiẹ̀ ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Orúkọ Tọ́kì ló ṣì ń jẹ́.

Tọ́kì fa ìwé ìbéèrè rẹ̀ sẹ́yìn ní 2025. Nurman ti kú ní 2013. Kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí döner. Ó ní inú òun dùn bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń rí jẹ nídìí ẹ̀.