Ère Ẹ̀sìẹ́ àti Ọlọ́run Ayérayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ohun tí òwe yìí ń bá wí ni ìṣe ọmọ aráyé tí kì í yin ẹnìkejì rẹ̀ àfi lẹ́yìn ikú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún fara sin sínú rẹ̀. Òwe náà gbà pé ẹ̀dá a máa kú, ère a sì máa ṣẹ́kù. Ẹran ara a jẹrà, òkúta a wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́ yìí, kí ó gba ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán.

Àwọn ère òkúta tí ó wà ní Ẹ̀sìẹ́ lé ní 800. Òkúta tí ó rọ̀ fún gbígbẹ́ ni a fi ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú ohun ìjà dání, àwọn mìíràn mú ohun èlò orin. Irun orí wọn àti ilà ojú wọn ṣì hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn. Ìtàn ìlú sọ pé ṣe ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó bá wọn níbẹ̀. Ìtàn mìíràn ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, mú kí òkìkí wọn kàn dé òkèèrè. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens kọ odidi ìwé lé wọn lórí ní 1978. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò lórí àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà náà ti pa rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò pa rẹ́.

Ní agbègbè kan náà yìí, bí ọjọ́ ìsinmi bá ti kò, onígbàgbọ́ a máa pe Ọlọ́run ní Ọba ayérayé nínú ìyìn àti nínú àdúrà. Ìbéèrè ni pé, ṣé irú pípẹ́ tí àwọn ère wọ̀nyí pẹ́ ni wọ́n ń sọ nípa Ọlọ́run, tí wọ́n kàn bù kún un? Ṣé bí ère Ẹ̀sìẹ́ ṣe dàgbà ju ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wá wò ó lọ ni Ọlọ́run ṣe dàgbà ju ère lọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òkúta tí ó pẹ́ jùlọ ni Ọlọ́run. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìtumọ̀ ayérayé?

Àìkú, Àìnípẹ̀kun, Ayérayé

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa kó wọn pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni àìkú. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ni àwọn baba ńlá ti ń pe Olódùmarè ní Ọ̀yígíyigì, Ọta Àìkú. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 pé èrò yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé ọta, èyí tí í ṣe òkúta líle, ni oríkì náà fi ṣe àfiwé. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀. Àìkú sọ pé ikú kò lè mú un. Kò sọ bóyá ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni àìnípẹ̀kun. Ohun tí kò ní òpin lè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyè àìnípẹ̀kun tí onígbàgbọ́ ń retí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé a bí ẹni tí yóò gbà á ní ọjọ́ kan. Ti Ọlọ́run kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ayérayé. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, orúkọ yìí ni Ábúráhámù fi ké pe Ọlọ́run ní Beer-ṣeba. Ayé ni a pè ní àpètúnpè: ayé ń gorí ayé, ìgbà ń gorí ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí ó kún ẹnu ni, ṣùgbọ́n ayé ni ó fi wọn Ọlọ́run. Àdúrà tí a máa ń ṣe fún ọba ni pé kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ayé ni ọba ń jẹ, nítorí náà ayé ni a fi ń ka ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó dá ayé ńkọ́? Télọ̀ ni ó ń wọn aṣọ. Aṣọ kì í wọn télọ̀.

Àwọn kan rò pé irú èrò báyìí ga ju ohun tí èdè Áfíríkà lè gbé lọ. John Mbiti, àlùfáà ọmọ Kẹ́ńyà, kọ ọ́ ní 1969 pé àná àti òní ni ó jẹ ọmọ Áfíríkà lógún. Pé ọjọ́ iwájú tí èrò rẹ̀ lè dé kò ju bí ọdún méjì lọ. Èdè Kíkámbà àti Gikuyu ni ó gbé yẹ̀wò jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti Yorùbá mu. Ẹni tí ó ń gbin igi obì de ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń dá àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun, kí ó lè mọ irú ayé tí ọmọ náà yóò gbé, kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọjọ́ iwájú.

Ẹni tí ó gun Òkè

Ní nǹkan bí ọdún 400, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, dojú kọ ìbéèrè kan: kí ni Ọlọ́run ń ṣe kí ó tó dá ayé? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ìgbà kankan kí ayé tó wà, nítorí pé ìgbà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí Ọlọ́run dá. Ní nǹkan bí ọdún 524, Boethius wà ní àtìmọ́lé ní Ítálì, ó ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò pa á. Nínú ìwé tí ó kọ níbẹ̀, ó ṣàlàyé pé ayérayé ni kí ẹni kan ní gbogbo ìyè rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí apá kan má lọ, kí apá kan má sì ṣẹ́kù tí kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ya Ọlọ́run sọ́tọ̀ sí òkúta. Òní nìkan ni ènìyàn ní. Àná ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀la kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bákan náà ni ti ère. Lóòótọ́ ó pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lẹ́yìn òmíràn ni ó fi ń pẹ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, títí tí ọrùn fi kán. Thomas Aquinas, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàlá, fi arìnrìn-àjò ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà kò rí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lórí òkè rí gbogbo èrò ọ̀nà papọ̀. Ẹni tí ó bá ti rin ilẹ̀ olókè yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Gírámà Yorùbá náà ní ohun kan láti sọ. Nínú gbólóhùn "Ọlọ́run wà", kò sí "ti", kò sí "yóò", kò sí "ń". Ọ̀rọ̀-ìṣe náà dá dúró láìsí atọ́ka ìgbà kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi èyí ṣe ẹ̀rí tán, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni à ń sọ pé "Adé wà", Adé yóò sì kú. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé èdè Yorùbá lè sọ̀rọ̀ wíwà láì kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó jẹ́.

Àdúrà Òru

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Kí a mú un pé abiyamọ kan ní Òmù-Àrán jí ní òru, ara ọmọ rẹ̀ gbóná janjan, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹní, ó ń gbàdúrà. Bí gbogbo ọjọ́ bá wà lójú Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í sì í yí padà, kí ni àdúrà náà fẹ́ ṣe? Ní ọ̀nà wo ni ó fi sàn ju kí ènìyàn máa bá òkúta sọ̀rọ̀ lọ?

Ní 1975, Nicholas Wolterstorff, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ onígbàgbọ́, kọ̀ láti gba ẹ̀kọ́ Boethius. Ó ní Ọlọ́run tí Bíbélì ròyìn a máa gbọ́ igbe, a máa dáhùn, a sì máa ṣe ohun kan lẹ́yìn òmíràn. Nítorí náà kò lè wà lẹ́yìn òde ìgbà. Lójú tirẹ̀, ó tó kí a sọ pé Ọlọ́run kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ẹni yìí kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ní 1983, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú níbi tí ó ti ń gun òkè ní Austria, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ọ̀fọ̀ náà ní 1987. Ohun tí ó ń gbà lérò ni pé kí Ọlọ́run má baà di òkúta.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn yìí. Láti ara "wà" ni a ti ṣẹ̀dá "ìwà". Bí àwọn àgbà bá ní àìkú parí ìwà, wíwà ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní ìwà lẹwà, ìṣesí ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ni ó kó méjèèjì pọ̀. Bí a bá ní Ọlọ́run kì í yí padà, ìwà rẹ̀ ni kì í yí padà, ní ọ̀nà méjèèjì. Kí òǹkàwé wo àgbà olóòótọ́ kan nínú agbo ilé. Ọmọ tí ó jalè yóò rí ojú rẹ̀ ní kíkorò. Bí ọmọ náà bá padà wá tuuba, yóò rí ojú kan náà ní rírọ̀. Àgbà kò yí padà. Ọmọ ni ó yí padà. Nítorí pé ìwà àgbà dúró ṣinṣin ni ó fi dá ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì lóhùn bí ó ti yẹ.

Òkúta kì í yí padà nítorí pé kò lè ṣe nǹkan kan. Olóòótọ́ kì í yí padà nítorí pé kò sí ohun tí ó lè tì í kúrò nínú ire. Àìyípadà méjì ni wọ́n, orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Abiyamọ náà kò kúnlẹ̀ kí ó lè tu Ọlọ́run lójú bí ẹni ń tu ọba tí inú ń bí. Ó kúnlẹ̀ nítorí pé Ọlọ́run tí ó sùn tì kò ní di ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àdúrà òru náà kò sì bá Ọlọ́run lójijì. Ó wà níwájú rẹ̀ láti ayérayé, nínú ohun tí ó mọ̀ àti nínú ohun tí ó pinnu láti ṣe.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣèlérí pé ọmọ náà yóò yè. Àwọn ọmọ mìíràn kú, àdúrà kò sì kúrò lẹ́nu ìyá wọn. Ohun tí ó sọ ni pé, bí ọmọ bá tilẹ̀ kú, ọjọ́ tí ó lò kò di àná lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀rín tí ó ti di ìrántí lọ́kàn ìyá kò kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo ọjọ́ wà níwájú rẹ̀. Onígbàgbọ́ sì tún fi kún un pé Ẹni ayérayé yìí wọ inú ọjọ́ wá nínú Jésù: a bí i, ó sunkún létí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kú nígbà ìjọba Pọ́ńtíù Pílátù. Kì í ṣe orí òkè nìkan ni ó ti mọ ọ̀nà. Ó ti rin ín.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá padà sí Ẹ̀sìẹ́ yóò rí àwọn ère náà lórí àpótí wọn, pẹ̀lú ilà ojú tí ẹnìkan fi sùúrù fín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń pa òkúta mọ́, ó sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fín ilà náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ohun tí onígbàgbọ́ ń pè ní ayérayé bá jẹ́ òtítọ́, ọwọ́ tí ó di irin mú, àti òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wà níwájú Ọlọ́run síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sọnù.