Ta ni Alágbàtà Ilé Ń Ṣiṣẹ́ Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́; ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú fi ata sẹ́nu. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a fẹ́ ta ilé wa ní Àbújá fún kọ́lékọ́lé tó ń kọ́lé tà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ló ra ilé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2005. Ilé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ púpọ̀ nínú wọn fẹ̀. Alágbàtà wo òrùlé wa, ó wo ògiri tó sán, ó ní kí a dín owó kù. A bi í pé: ẹni tó fẹ́ wó ilé, kí ló kàn án nínú òrùlé? Ó rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Ilé la rò pé a ń tà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rà. Wọ́n ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ńṣe ni tiwa ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀.

Ṣé ènìyàn burúkú ni? Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan ni àwa ń ta ilé. Kọ́lékọ́lé yóò tún padà wá rà lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tí oúnjẹ ọ̀la ti ń bọ̀ ni ojú ń wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbowó lọ́wọ́ wa, tó tún gbà lọ́wọ́ olùrà láìjẹ́ kí a mọ̀, ẹ̀tàn nìyẹn.

Àwa náà ńkọ́? Àwọn kan nínú wa a máa fòru lọ bá kọ́lékọ́lé tí alágbàtà mú wá, kí wọ́n má baà san owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, kí ni ìyàtọ̀ àwa àti òun?

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bi í lójúkojú pé: ta ni yóò sanwó fún ọ? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a fi owó ara wa wá ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ láti díye lé ilé àti ilẹ̀. Kí a rántí pé Òfin Ilẹ̀ ti 1978 kò gbà kí a ta ilẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda ìjọba. Ní Àbújá, ọwọ́ Mínísítà ló wà. Kí ìwé ilé má sì kúrò lọ́wọ́ wa kí owó tó pé.

Ìjọba kò ní tún ilé mìíràn tà fún wa lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ta iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ní ọ̀pọ̀, kó má sì jẹ́ kí a jẹ òógùn ẹlòmíràn. Àṣẹ.