Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ìsọ̀ Rẹ̀ Kángun sí Tiwa

Ní Gbági tuntun n'Íbàdàn, bí Àlháàjá bá lọ kírun Alásárì, obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ló ń bá a tajà. Bó bá padà dé, yóò bá owó ànkárá rẹ̀ nílẹ̀, kọ́bọ̀ kò ní dín níbẹ̀. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣọ̀wọ́n, ohun tó sì ń rọ́pò rẹ̀ ń bà mí nínú jẹ́. Oníbàárà àti òǹtajà á ti fẹnu kò lórí iye, wọ́n á ti máa di aṣọ sínú ọ̀rá, ará ìsọ̀ kejì á wá ké sí i pé, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ níbí jàre, mo máa yọ ẹgbẹ̀rún kan fún yín." Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ọmọọṣẹ́ ṣe oníbàárà èké, kó máa ná ohun tí kò fẹ́ rà, kí iye ọjà lè gòkè.

Méjèèjì ni Ànábì Muhammad kọ̀ fún wa. Ìdíje fúnra rẹ̀ kọ́ ni mò ń bá wí o. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ pé kó dá iye lé ọjà, ó kọ̀. Ẹni tó bá gbé iye tirẹ̀ wálẹ̀ látàárọ̀ kò jẹ̀bi lójú mi. Àdéhùn tí ẹlòmíràn ti ṣe tán ni kò yẹ ká fọwọ́ kàn. Mo ti gbọ́ wàásù lórí Súrà 83 àti òṣùwọ̀n tí kò pé láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò rántí èyí tí mo gbọ́ lórí oníbàárà ẹlòmíràn.

Aṣọ ni Ìmáàmù Abu Hanifa, tó kú ní ọdún 767, ń tà ní Kúfà. Ìtàn sọ pé alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ta aṣọ kan tó lábùkù, ó sì gbàgbé láti sọ fún ẹni tó rà á. Nígbà tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí oníbàárà náà, Ìmáàmù kó gbogbo owó aṣọ náà ṣe sàárà. Lóde òní, wọ́n á ní ojúlówó Họ́láńdì ni aṣọ tó ti Ṣáínà wá, wọ́n á sì fi Wọ́láì-Tàláì dè é, bẹ́ẹ̀ Ànábì kìlọ̀ pé irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ń mú ọjà tà, ó sì ń kó alùbáríkà rẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní owó ìsọ̀ ń bẹ, owó iléèwé ọmọ ń bẹ, owó èlé gbómúlélántà sì ń bẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òótọ́ ni. Obìnrin tí agbowó yóò wá jókòó tì nírọ̀lẹ́ kò lè rọra máa wo oníbàárà kó kọjá lọ. Nínú èlé tí Àlùkùránì kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjàdù yìí ti ń wá, n kò sì lè dá àwọn ìyá wa nìkan lẹ́bi. Ẹgbẹ́ aṣálátù tó ń dáwó aṣọ ẹgbẹ́ lè dá owó tí wọn yóò máa yá ara wọn láìgba èlé. Ìpàǹpá àwọn òǹtajà pẹ̀lú lè sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá já oníbàárà gbà lẹ́yìn ìfẹnukò yóò kó èrè rẹ̀ fún ẹni tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ọjà.