Ọjọ́ Orí Òkè Ìdànrè

Bí a bá ń wúre, a máa ń ní kí èèyàn le gbọingbọin bí òkè. Àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ni Òkè Ìdànrè ti ṣẹ̀. Ní bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kìlómítà púpọ̀ nísàlẹ̀, òkúta yíyọ́ rọra tutù, ó sì di gíránáìtì. Ilẹ̀ ńlá méjì ló kọlura nígbà náà, òkun àárín wọn sì wọlẹ̀. Òwọ́ òkè yọ láti Hoggar ní Àlgéríà títí dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọ ibi tó di àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì lónìí, nítorí Àtìláńtíìkì kò tíì sí. Òjò àti ẹ̀fúùfù ti jẹ òkè wọ̀nyẹn tán. Ìdí wọn là ń gùn ní Ìdànrè.

Ta ló ka ọdún náà? Hóró kékeré kan ni, zircon, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Wọn a fọ́ òkúta lúúlúú, wọn a ṣà á jáde, wọn a ta iná léésà sí i. Nígbà tí zircon ń dì, ó máa ń gba yùréníọ́mù mọ́ra, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ òjé. Òjé tí a bá bá nínú rẹ̀, yùréníọ́mù ló dà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba bílíọ̀nù 4.47 ọdún kí ìdajì yùréníọ́mù 238 tó yí padà. Ti 235, mílíọ̀nù 704. Èyí ló wù mí jù: aago méjì nínú hóró kan. Bí òjé bá ti jò jáde, ọ̀rọ̀ wọn kò ní bára mu, àṣírí á tú.

Síbẹ̀, ọjọ́ orí wo là ń bèèrè? Bí wọ́n bá la zircon, wọ́n lè rí ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà, kí ti àárín sì dàgbà ju ti ẹ̀yìn lọ fíìfíì: ó kù sílẹ̀ lára òkúta àtijọ́ tó yọ́. Irú òkúta àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tó ju bílíọ̀nù 2 ọdún lọ, wà ní agbègbè Ìbàdàn. Biotite, ègé dúdú tó ń dán nínú gíránáìtì, tún ní ọjọ́ tirẹ̀. Gáàsì argon ń sá jáde lára rẹ̀ títí ooru á fi wálẹ̀ sí bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà aago tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni òótọ́, kí ìyókù jẹ́ àṣìṣe.

Ibi tí ọdún bá dákẹ́ sí ni àyẹ̀wò kẹ́míkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Strontium àti neodymium ń sọ bóyá ìsàlẹ̀ ayé ni òkúta yíyọ́ ti gòkè wá, tàbí ilẹ̀ àtijọ́ ló tún yọ́. Ọ́síjìn inú zircon tún lọ síwájú sí i: bí ẹ̀yà rẹ̀ tó wúwo bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, a jẹ́ pé ohun tó yọ́ di gíránáìtì ti wà lókè ilẹ̀ rí, òjò ti pa á, ó ti rà, kó tó wọ ìsàlẹ̀ lọ.